Ìràwọ̀ Kékeré Ẹ̀yìn Apọnmọ

Ọkùnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mámira. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ. Fọ́tò ló ń yà, fọ́tò pélébé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà àti káàdì ibi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jókòó sórí àga onírin rẹ̀ rí, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé ìwé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, tí kò ní gbọ́ ọ: “Má mira.” Á sọ ọ́, á tún un sọ, kó tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ẹlẹ́nu bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ di orúkọ, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níṣojú rẹ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kó máa wò yín bí ẹni pé ẹlòmíì lẹ ń pè.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá méjì lọ. Yàrá iwájú ni àga onírin wà, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri, dígí kan, àti ìyarun tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìṣó nítorí àwọn oníbàárà tó máa ń gbàgbé pé ìyarun kì í ṣe tiwọn. Yàrá ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà wà, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ń jọba. Dídán ni wọ́n ń pe òun, torí pé kò sí ojú tó gba iwájú rẹ̀ kọjá tí kì í dán. Irorẹ́ á wọlé, irorẹ́ ò ní bá a jáde. Ẹni tí àìsùn ti wú lójú, Dídán á fi kọ̀ǹpútà bá a sinmi. Obìnrin kan gba fọ́tò rẹ̀ nígbà kan, ó wò ó títí, ó ní, “Èmi kọ́ nìyí o. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sí i.”

Iṣẹ́ ọ̀sán nìyẹn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọkàn Mámira kì í sí nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ojú ọ̀run ló ń lọ yà. Á gbé kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí iná títì kò dé, á gbé e lé ẹsẹ̀ onírin mẹ́ta, á yí ojú rẹ̀ sókè, á sì ṣí i sílẹ̀. Kò ní ṣí i kó tún pa á dé wéré bí ìgbà tó bá ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà á sì fẹ̀yìn ti òkúta. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á máa kán sínú kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀, bí omi òjò ṣe ń kán sínú ìkòkò lábẹ́ òrùlé, títí ohun tí ojú ènìyàn fò dá á fi kún inú rẹ̀.

“Àwọn wọ̀nyí nìkan ló ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu,” ló máa ń wí. “Mo ní kí wọ́n má mira, wọn ò sì mira.”

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ojú kámẹ́rà bá pẹ́ jù ní ṣíṣí, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á fa ìlà sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ìgbín, torí pé ilẹ̀ tí a dúró lé kò dúró. Àwa là ń mira. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ Mámira nínú jù, pé ènìyàn lè jókòó jẹ́ẹ́ sórí òkúta kó sì máa rìnrìn àjò. Nígbà mìíràn, lórí òkè yẹn, kì í mọ̀ bóyá òun sùn ni tàbí òun jí.

Dídán máa ń bá a lọ. Kì í ṣe ìràwọ̀ ló ń wá lọ; ó ní ìràwọ̀ kò ní ojú tí òun lè tún ṣe. Dúróònù ló ń gbé lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, tí wọ́n rà nítorí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n máa ti òkè ya ìgbéyàwó wọn. Mámira wà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbé e lé orí òrùlé aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, Dídán ló ń wà á. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n so iná kékeré kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, Dídán á gbé e dúró lókè àpáta, ìmọ́lẹ̀ á rọra bọ́ sórí òkúta bíi ti òṣùpá, kí òkúta náà lè hàn nínú fọ́tò. Màmá, ìyá Mámira, ń pe dúróònù yìí ní kòkòrò. “Ẹ ti ń gbé kòkòrò yín lọ nìyẹn?” ló máa ń bi wọ́n láti ojú fèrèsé.

Màmá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ ló rán jẹ títí ó fi dàgbà, ó sì lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìwò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ ń lọ. Kì í ṣe pé ó ń ṣe bàìbàì bíi ti arúgbó gbogbo. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń pa dé, bí ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ń rọra tì. Ti òsì ti tì pátápátá. Ti ọ̀tún ṣẹ́ ku ihò kékeré kan láàárín, tí kò ju ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Bó bá wo ojú yín, imú yín nìkan ló máa rí. Á wá máa rìn káàkiri ojú yín, á ti ibì kan dé ibì kan, títí á fi kó yín jọ. Ó tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìyàwó mi,” á wí fún Dídán, “mo ti rí imú rẹ. Etí rẹ dà, àbí o gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ni?”

Dókítà ojú, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, sọ fún wọn pé òun máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. “Màmá, èyí tó ti lọ ti lọ,” ó ní. “Èyí tó kù ni mo fẹ́ dì mú. Ó lè dúró, ó sì lè má dúró. Mi ò ní tàn yín.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ dé, Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ojú sókè sí ojú ọ̀run tí kò rí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ṣé Apọnmọ ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, Màámi. Iná títì ni kì í jẹ́ ká rí i dáadáa.”

“Mo fẹ́ rí i kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn mí lójú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá ti rí i, kí wọ́n ṣe ohun tó bá wù wọ́n.”

Apọnmọ kì í ṣe orúkọ tí ẹ máa bá nínú ìwé. Ìràwọ̀ méje kan wà ní apá àríwá tí wọ́n tò bí ìgbakọ tó ní ọwọ́ gígùn. Níbi tí ọwọ́ ìgbakọ náà ti tẹ̀ ni Apọnmọ wà. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé kò dá wà. Ìràwọ̀ kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ. Màmá ló sọ ọ́ lórúkọ. Kó tó bí Mámira, ó ti bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà kò sì tíì rìn tí àìsàn fi mú un lọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin ín, Màmá kò lè wọlé. Ọkọ rẹ̀ bá a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ fún un pé kó má sunkún. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sókè, ó ní, “Wo ìyẹn. Ó ṣì pọn tiẹ̀.” Láti ìgbà náà, títí ọkọ fi dolóògbé, títí ojú fi bẹ̀rẹ̀ sí í tì, bí àsìkò ìràwọ̀ yẹn bá ti dé, Màmá á jáde síta, á wò ó, á wọlé. Kì í dárúkọ ọmọ náà. Wíwò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ.

Mámira mọ ìtàn yìí. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un kó tó kú. Ṣé ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀? Rárá o. Ohun tó sọ ni pé, “Màámi fẹ́ rí ìràwọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn, ká lọ yà á fún wọn.” Ẹ ò rí ọkùnrin! Wọ́n á mú orí ọ̀rọ̀ wálé, wọ́n á gbàgbé ìdí rẹ̀ sọ́nà, ẹnu á sì tún yà wọ́n bí ọ̀rọ̀ bá wó lulẹ̀.

Ojú ọ̀run mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Òṣùpá kò sí, atẹ́gùn kò sí, àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta ti dákẹ́. Dídán gbé dúróònù lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí àpáta, Mámira ṣí ojú kámẹ́rà. Wọ́n jókòó pa pọ̀. Nígbà tí fọ́tò kan wá jáde tó tẹ́ Mámira lọ́rùn, ó fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà, ó fẹ̀ ẹ́ sí i, ó rí Apọnmọ, ó sì rí kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Arábìnrin tí kò mọ̀ rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní ìrì ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kan tí Mámira máa lọ yà. Mámira kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́ nínú káàdì kámẹ́rà. Bí fọ́tò bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, á pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ fún iṣẹ́ tó kàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ. Dídán náà kì í pa ojú àtijọ́ mọ́. Bó bá ti tún ojú ṣe tán, á fi tuntun rọ́pò àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà, torí pé kò tíì sí oníbàárà tó padà wá kó ní kí wọ́n dá irorẹ́ òun padà.

Òun nìkan ló wá kù pẹ̀lú fọ́tò ìràwọ̀ náà. Ẹ má rò pé aápọn lásán ló sún un ṣe é. Ó fẹ́ràn Màmá. Ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́, Màmá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń re ọmọ lẹ́kún nígbà tó bí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí. Ó fẹ́ kí fọ́tò yìí dára ju gbogbo fọ́tò tó ti gba ọwọ́ òun kọjá. Ó sì mọ̀, torí pé ọkọ rẹ̀ máa ń ráhùn lé e, pé bí kámẹ́rà bá ṣí ojú pẹ́, inú rẹ̀ á gbóná, á sì máa dá tótòtó tirẹ̀ sílẹ̀, pupa, àwọ̀ ojú ọ̀run, funfun, tí kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Èyí tó tóbi, ìràwọ̀ ni. Èyí tó kéré, ìdọ̀tí ni. Èyí tó kéré tó tún wá lẹ̀ mọ́ ńlá, ìyẹn kúkú ni ìdọ̀tí jù lọ. Àwọn àgbà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bí Dídán ṣe wo ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn: ó rí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, ó sì dá ẹjọ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Kò jẹun ọ̀sán. Nígbà tó fi máa ṣe tán, ojú ọ̀run dán bí ojú ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé tó fẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ká a, ó gbé e lọ sílé.

Nígbà tí Mámira dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá Màmá nídìí tábìlì, fọ́tò náà ní títẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ iná, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Dídán dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ọpẹ́. Mámira wo ojú ọ̀run yẹn láti ẹnu ọ̀nà, ó ti dán jù.

Màmá ń fi ihò kékeré tó kù lójú rẹ̀ rìn lórí ìwé. “Ìgbakọ rèé,” ó ń sọ lábẹ́ ẹnu. “Ẹnu rẹ̀ nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ rèé.” Ó dúró. Ó sún awò náà síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ìgbakọ, ó tún dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀.

“Ìyàwó mi,” ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ọmọ rẹ̀ dà?”

“Ọmọ ta ni, Màmá?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.”

“Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, Màmá. Àbàwọ́n kékeré kan ló wà níbẹ̀, mo ti bá yín nù ún.”

Màmá gbé awò náà sílẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. “O ṣeun, ọmọ mi,” ó ní. “Ó lẹ́wà.” Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ara ògiri lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

“Kí ni mo ṣe?” Dídán bi ọkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ni Mámira wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbi tó dúró sí, àpò kámẹ́rà ṣì wà léjìká rẹ̀. Dídán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ ò sọ fún mi,” ó ní.

“Mi ò sọ fún ẹ.”

Wọ́n jọ sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tú kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ojú ọ̀run tó dán. Wọ́n tú káàdì kámẹ́rà, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ló kún inú rẹ̀, tó ń gé àkàrà òyìnbó, tó ń rẹ́rìn-ín. Omi ti dànù. Ọkọ kò bá ìyàwó jà, ìyàwó kò bá ọkọ jà. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni àwọn fi ṣe ara àwọn. Dídán sunkún sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà títí Mámira fi bá a pa iná.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Mámira ń jáde lọ wo òkè, lójoojúmọ́ ni ìkùukùu ń dì í. Màmá ń jẹun, ó ń dáhùn bí wọ́n bá kí i, ṣùgbọ́n kò fi imú àti etí ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọjọ́ Àìkú pé, iṣẹ́ abẹ di ọ̀la. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò rọ̀ ṣáá, ó wá dá nígbà tí oòrùn ń wọ̀.

Dídán wọ yàrá Màmá, ó kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ bá wa lọ sórí òkè.”

“Kí n lọ wò kí ni? Òkùnkùn? Èyí tí mo ní nílé tó mi.”

“Èmi ni mo nù ún. Ẹ jẹ́ kí n wá a fún yín.” Ẹkún gba ìyókù ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Màmá na ọwọ́, ó wá orí rẹ̀ títí ó fi rí i. “Gbẹ́nu dúró,” ó ní. “Ṣebí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi tí mi ò sunkún gan-an, kí ni mo rí? Bá mi mú aṣọ òtútù mi.”

Ọkọ̀ wọn, tó máa ń wúkọ́ bí àgbà, gbé wọn dé ìdí òkè. Mámira ti kó àga onírin ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé e lé orí àpáta tó tẹ́jú, wọ́n mú Màmá jókòó sí i, ó jókòó ṣánṣán bí oníbàárà. Ṣùgbọ́n kòtò ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ti kún fún omi òjò, kùrukùru sì ń ti inú rẹ̀ jáde, ó ń gun òkè bọ̀ wá bá wọn láìdún. Ó bo ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ó bo àga, ó bo gbogbo wọn. Mámira ṣí ojú kámẹ́rà, ó pa á dé, ó wò ó. Funfun. Ó tún un ṣe. Funfun.

“Kò ní ṣeé ṣe,” ó ní.

Dídán ti ń ṣe tirẹ̀. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń tú iná kúrò lábẹ́ dúróònù kó lè fúyẹ́. Ó gbé e sórí òkúta, ó tẹ̀ ẹ́, ó kùn ùn-ún, ó sì lọ sókè. Kùrukùru gbé e mì. Ìró rẹ̀ ń dín kù, ó ń dín kù, títí ó fi dà bí nǹkan tí wọ́n ń rántí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dúró sínú funfun yẹn, láìsí ilẹ̀, láìsí òkè, bí ẹni tí kò tíì jí. Ojú ẹ̀rọ ìdarí tó wà lọ́wọ́ Dídán, tó ń fi ohun tí dúróònù ń rí hàn, náà funfun. Ó ń lọ sókè ṣáá. Ó ṣì funfun. Lójijì ó dúdú, dúdú tó mọ́ kedere, ìràwọ̀ sì dà sínú rẹ̀ lọ súà.

“Ó ti yọ,” Dídán ní. “Ó ti yọ lókè kùrukùru.”

Ó yí ọrùn dúróònù sókè sí apá àríwá, ó ya ọ̀kan. Atẹ́gùn mì í, ìràwọ̀ fa wuruwuru bí ìwé tí ọmọ ọwọ́ kọ. Ó ya òmíì, bákan náà ni.

“Má mira,” Mámira ń bẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹnu. “Jọ̀ọ́, má mira.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. Ó gbé ojú sókè sínú kùrukùru. “Kòkòrò,” ó ní, “ṣé o gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ wí? Má mira.”

Dídán mú èémí dúró. Ó ya ìkẹta. Ó wò ó. Ó kàn lọ kúnlẹ̀ síwájú àga onírin náà, ó fẹ fọ́tò náà lójú, ó sì gbé ojú ẹ̀rọ náà sún mọ́ ojú ọ̀tún Màmá títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi tàn sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. “Ẹnu ìgbakọ. Ọwọ́ rẹ̀ rèé. Ibi tó ti tẹ̀ nìyí.” Ó wá ọwọ́ Dídán kàn, ó dì í mú, ó dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tó fi dùn ún.

“Ó wà níbẹ̀,” ó ní. “Ó ṣì pọ̀n ọ́n.”

Ẹnikẹ́ni kò mira. Lẹ́yìn náà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ọ̀dọ́. “Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló máa ń mú un rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́, á ti máa fò lẹ́yìn mi, á máa fi orí gbá mi lẹ́yìn. Mi ò lè rán aṣọ tó tọ́ nígbà yẹn. Ìlà gbogbo ń wọ́, àwọn oníbàárà ń bínú, èmi ń rẹ́rìn-ín.” Mámira ti gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin yìí, kò gbọ́ ọ rí.

“Màmá, bátìrì rẹ̀ ń lọ,” Dídán ní.

“Jẹ́ kó máa bọ̀. Mo ti rí i.”

Lọ́jọ́ kejì, lórí ibùsùn ìṣiṣẹ́ abẹ, dókítà ní, “Màmá, ẹ má mira o.” Màmá ní, “Ẹ̀yin náà? Gbogbo yín ẹ kàn ń pe orúkọ ọmọ mi ni.” Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí wọ́n wá tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ náà ti tì. Dókítà sọ ọ́ bó ṣe rí, bó ṣe máa ń sọ nǹkan, ó sì di ọwọ́ Màmá mú bó ti ń sọ ọ́. Mámira jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kó sunkún rẹ̀.

Dídán kò sí níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ló wà, ó ti ti ilẹ̀kùn iwájú. Ó ti tẹ fọ́tò ìkẹta yẹn jáde lórí ìwé tó nípọn. Kì í ṣe fọ́tò tó dára. Ojú rẹ̀ rí bàìbàì, tótòtó pupa àti funfun kún inú rẹ̀ bí irorẹ́, ojú tó yẹ kó nù láìsinmi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò fọwọ́ kan ẹyọ kan níbẹ̀. Ó dojú ìwé náà dé, ó ṣí àpótí ìránṣọ Màmá tó gbé wá láti ilé, ó mú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí Màmá dé ilé, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Dídán gbé ìwé náà lé e lórí itan. “Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín,” ó ní. Ó gbé ìka rẹ̀ lé orí ìwé.

Ìka tó ti ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ láìwò ó kò nílò ìtọ́nisọ́nà púpọ̀. Ó kan ẹnu ìgbakọ, tó wú sókè díẹ̀ lórí ìwé. Ó tọ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Níbi tó ti tẹ̀, ó kan ọ̀kan tó tóbi, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ìránpò gún. Àti lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀kan tó kéré, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú àpótí gún, tí àtàǹpàkò ẹlòmíì lè kọjá lórí rẹ̀ kó má mọ̀.

Màmá fi ìka lé e, kò gbé e kúrò.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “èyí ò ṣeé nù o.”

“Kò ṣeé nù, Màmá,” ni Dídán dá a lóhùn.